Ọkọ̀ Méjìlá ti Crewe àti Àpótí Tí Wọ́n Ń Tú ní Ọ̀jọ́

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Bentley ní ìlú Crewe, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Bacalar han aráyé. Méjìlá péré ni wọ́n ní àwọn yóò ṣe. Iye ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ owó pọ́n-ùn láìka owó orí, síbẹ̀ méjèèjìlá ti ní oníbàárà kí aráyé tó fojú kàn án. Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé. Kì í ṣe pé òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; kò sí òrùlé níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbé e lọ sí Àgbádárìgì lóṣù kẹfà, tí òjò etíkun sì ká a mọ́ àárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, yóò rí i pé owó kì í ṣe agboòrùn.

Kí ni ó kan ọmọ Àgbádárìgì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn án gidigidi. Láti ọdún 1998, Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì ni ó ni Bentley. Volkswagen yìí kan náà ni ó bá ìjọba Nàìjíríà da òwò pọ̀ láti kọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sí Ọ̀jọ́, ní kìlómítà 18 lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn èèyàn sọ ní ìjàpá jáde láti ibẹ̀, Passat jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni Igala, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ wa ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti Bràsíl wá. Nínú àpótí ni wọ́n ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ wọ̀nyí dé. Wọn a tú àpótí, wọn a dè é pọ̀, wọn a kùn ún lọ́dà, a ó sì máa pariwo pé Nàìjíríà ti ń ṣe ọkọ̀.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989, tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, àpótí kò dé mọ́ bó ṣe yẹ. Àjàòkúta tí ó yẹ kí ó pèsè irin kò yọ́ irin kankan tí ó tó ilé iṣẹ́ lò, títí di òní. Àwọn ará Jámánì kó ẹrù wọn. Lónìí, Stallion ni ó wà nínú ọgbà náà, Nissan ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò níbẹ̀ lọ́dún 2014. Orúkọ ara àpótí ni ó yí padà.

Ẹ wá wo Crewe. Ọdún 1938 ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n sì fi ṣe níbẹ̀ nígbà ogun. Láti ọdún 1946 ni ó ti di ti ọkọ̀ ilẹ̀. Rolls-Royce ni ó ni ín, ó bọ́ sọ́wọ́ Vickers lọ́dún 1980, ó tún bọ́ sọ́wọ́ Volkswagen. Olówó ń lọ, olówó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń rán awọ àti ẹni tí ń gé igi kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà sì ń di ọ̀gá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ṣe ọkọ̀ méjìlá kí ó sì mówó wọlé. Igi tí wọ́n fi ṣe inú Bacalar lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ igi tí ó ti wà nínú ẹrẹ̀ àti odò ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí 5,000 ọdún. Wọ́n tilẹ̀ fi eérú èèpo ìrẹsì sínú ọ̀dà rẹ̀ kí ó lè máa dán. Èèpo ìrẹsì! Ohun tí àwọn tí ń lọ ìrẹsì nílẹ̀ wa ń dáná sun tí èéfín rẹ̀ ń fọ́ aládùúgbò lójú.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun ìṣeré ọlọ́rọ̀ ni Bacalar, pé ẹni tí kò ní iná mànàmáná kò gbọdọ̀ fi ojú sí i. Wọn kò jẹ̀bi nípa ti iná. Wọ́n tún lè sọ pé kì í ṣe òfo ni wọ́n ti fà á yọ, pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Continental GT tí Crewe ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àríyànjiyàn wà. Ẹnikẹ́ni kò ní kí Èkó lọ ṣe ọkọ̀ aláìlórùlé. Ohun tí a kọ̀ láti ní ni ìpìlẹ̀.

Ìlànà ọkọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2013 bu owó ibodè àti owó àfikún tí àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ti parí lókè òkun, ó sì yọ owó ibodè kúrò pátápátá fún ẹni tí ó bá kó ẹ̀yà rẹ̀ wọlé ní títú. Ta ni ó jèrè? Ẹni tí ó ní àpótí. Kò sí èrè kan gbòógì fún ẹni tí ó ṣe ìjókòó, gíláàsì, wáyà tàbí bátìrì nílé. Ṣáájú ìlànà yìí ni Michelin àti Dunlop ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di òfin ìnáwó ọdún 2020, wọ́n gé owó àfikún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wálẹ̀ sí ìdá 5. Ọdún méje péré! Ta ni yóò kọ́ ilé iṣẹ́ lé orí òfin tí kò dàgbà tó ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀nà kan náà tí ó gba iwájú ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ kọjá ni ó dé Sèmè, níbi tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kútọnu ti ń wọlé tipẹ́. Wọ́n fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Òfin wà lójú títì. Ọ̀nà inú igbó kò ka òfin.

Àwọn tí ń ran ìjókòó ọkọ̀ kò wọ́n ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni panẹ́líbítà tí ń fi òòlù sọ irin tí ó ti wó di ọ̀tun. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ń ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn, nítorí kò sí òfin tí ó sọ pé dandan ni kí ó rà á. Àwọn aṣòfin náà kò rà á. Lọ́dún 2023, nígbà tí wọ́n fẹ́ ra jíìpù fún ara wọn, tí ìròyìn ní iye ọ̀kan tó mílíọ̀nù 160 náírà, ti òkè òkun ni wọ́n yàn. Wọ́n ní ó lálòpẹ́ ju èyí tí wọ́n ń tò nílé lọ.

Kí òfin tí ń bọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àǹfààní owó ibodè yóò máa dín kù lọ́dọọdún fún ilé iṣẹ́ tí kò bá fi ẹ̀yà kan kún èyí tí ó ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ wa, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó, kí wọ́n má sì yí i padà fún ogún ọdún. Kí wọ́n sì ka ọkọ̀ àwọn aṣòfin mọ́ ọn.