Ẹ Pè É Wá Jẹ Ẹja

Ẹ̀yin ará Ìwó Road n'Ìbàdàn, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún fóònù ṣe, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, iṣẹ́ kékeré kan wà fún yín lónìí. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀la.

Tẹ́ ẹ bá máa ra ẹja nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ ra Títù tàbí ṣáwà. Pánlá dùn lóòótọ́, àmọ́ kò lọ́ràá tó wọn. Ọ̀rá ẹja wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ sè é ni o. Ẹ má dín in títí á fi le koko. Ẹ kúkú mọ ara yín!

Kí ló wá pa ẹja àti ẹni tó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀ pọ̀? Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ ológun 800 tó gbẹ̀mí ara wọn wò, wọ́n fi wé ti ológun 800 mìíràn. Àwọn tí ọ̀rá ẹja tó ń jẹ́ DHA kéré lẹ́jẹ̀ wọn ni ewu náà pọ̀ fún jù.

Àmọ́ ẹ rọra. Ìwádìí mìíràn jáde lọ́dún 2021. Àwọn àgbàlagbà tó lé ní 18,000 ló kópa, ìdajì wọn ń lo hóró ọ̀rá ẹja fún bí ọdún márùn-ún. Kò dènà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nítorí náà, tí ẹni tó ń polówó oògùn bá wọ bọ́ọ̀sì yín ní páàkì, tó ní hóró òun ń lé ìbànújẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò.

Ọmọ iṣẹ́ yín tó máa ń ṣàwàdà, tó wá dákẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ńkọ́? Ẹ pè é wá jẹun. Ẹ gbé Títù lé àmàlà ẹ̀. Tó bá kàn ń fọwọ́ ro ọbẹ̀, ẹ bi í tààrà: "Àbúrò, ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o kú?" Bíbi í kò ní kó èrò ọ̀hún sí i lórí. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀. Ẹ má wàásù, ẹ má sì bú u.

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nítòsí ẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà. Ẹ wọ ọkọ̀ Micra gba Gate, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Òrìtàmẹ́fà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètọ́jú pàjáwìrì. Ẹ dúró tì í títí dókítà á fi rí i.

Tó bá ti padà sílé, ẹ máa pè é lórí fóònù. Bí kò bá gbé e, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀.