Òfin Màlúù Nìkan Kò Lè Dá Igbó Padà

Láti ìgbà tí ìjọba Ògùn ti ṣe òfin tó de dída màlúù jẹko káàkiri ní 2021, ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wàhálà igbó Ìjẹ̀bú ti tán. Kò tán. Ṣé màlúù ló ń gé igi gẹdú ní igbó Omo, lápá J4? Láti 1925 ni ìjọba ti pààlà sí igbó yẹn, UNESCO náà fọwọ́ sí i ní 1977, síbẹ̀ ayùn àti oko kòkó ń jẹ ẹ́ lọ. Ẹ fi wé igbó orò tàbí igbó Agẹmọ tó kù láwọn ìlú wa. Kékeré ni, kò ní gáàdì, igi rẹ̀ ṣì dúró.

Òótọ́ ni pé ẹran ń ba igbó jẹ́, ṣùgbọ́n báwo? Bí àwọn bàbá wa bá fi àdá ṣán oko, wọn kì í hú kùkùté. Wọ́n á dá ọ̀pẹ sí, wọ́n á dá ìrókò sí. Bí ilẹ̀ bá gbó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kùkùté á rú, igbó á padà. Ẹran tó bá jẹ ọ̀mùnú yẹn lẹ́ẹ̀kan kò pa á. Èyí tó ń padà wá jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ló ń pa á. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn fi lè gba darandaran láyè lẹ́yìn ìkórè, kí màlúù jẹ pòròpórò kí ó sì fi ìgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí irè bá wà lóko, kò sáàyè. Ní Ìbàdàn, láwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ IITA àti ILCA ń gbin àgúnmániyè sáàárín oko kí wọ́n lè máa gé e fún ewúrẹ́. (Àwọn ìyá wa ti ń gé ewé fún ewúrẹ́ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó pe tiwọn ní ìwádìí.)

Katapílà ni kì í dá kùkùté sí. Ilẹ̀ tó ń sinmi, àwọn kan ti ń pè é ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò, wọ́n sì ń gé e tà ní púlọ́ọ̀tì. Ta ló ń rà á? Àwa tí a jáde ní yunifásítì ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹnìkan á ní mo fẹ́ kí a tún máa fi orò dẹ́rù ba obìnrin. Rárá o. Èèwọ̀ tó ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni mo ń wá, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Nígbà tí a bá lọ sílé fún ọdún, kí àwọn ẹbí onílẹ̀ ní Ayépé jókòó, kí wọ́n dárúkọ ilẹ̀ tó ń sinmi, iye ọdún tó kù fún un, àti ẹni tí yóò dá ẹran àti katapílà padà lẹ́nu ààlà rẹ̀.