Ẹ yé kọ “sapa” sábẹ́ fọ́tò ẹ̀bà yín

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tinú mi lónìí. Oúnjẹ tó dùn jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ò sí nílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Inú ìkòkò kékeré tó wà nílé yín ló wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi jà, ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

2/ Mi ò kọ́ṣẹ́ oúnjẹ níbì kankan. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Àkúrẹ́: gáàsì kékeré kan, ìkòkò méjì, ọ̀bẹ kan. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ọjà Ọba ni tíṣà mi. Tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn, tẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé “Mà, báwo lẹ ṣe ń sè é?”, wọ́n á kọ́ yín láìgba kọ́bọ̀.

3/ Ọ̀kan ní kí n jẹ́ kí omi ata gbẹ kí n tó da epo sí i, kí ọbẹ̀ má baà kan. Òmíì ní kí n fún omi ara ẹ̀fọ́ dànù dáadáa. Ìkẹta rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bèèrè bóyá máàgì mẹ́ta á tó. Ó ní irú ni kí n lọ rà. Irú, ata, àlùbọ́sà, epo, ṣọkọ, iyọ̀. Ó parí.

4/ Ní oṣù karùn-ún 2023, Hilda Baci dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 l'Ékòó, Guinness sì kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Chef Dammy náà gbé tiẹ̀ kaná l'Ọ́yẹ̀ẹ́-Èkìtì. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi 40 ìṣẹ́jú dáná lálaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, fún odidi ọdún mẹ́wàá, ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún un?

5/ Oǹdó ni ìyá àgbà mi ń gbé. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi iyán ṣeré níbẹ̀. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wò ó: wọ́n to oúnjẹ ní ipò ipò, àmọ́ wọn ò lé ẹ̀kọ jáde. Ọjọ́ tí iṣu ò bá sí, ìyá àgbà mi kì í tọrọ àforíjì. Wọ́n á bu ọbẹ̀ gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ, wọ́n á ní ká wá jẹun. Ta ló wá kọ́ àwa láti máa tọrọ àforíjì nítorí gààrí?

6/ Ìtìjú yìí ń pa èèyàn lébi o. Ní oṣù kẹfà 2024, NBS ní owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan. Lásìkò yẹn, mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń sùn lébi torí pé owó oúnjẹ ìta ò ká a mọ́, ẹ̀wà sì wà nílé. Wọn ò mọ̀ ọ́n sè, ojú sì ń tì wọ́n láti bèèrè. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó sọ fún wọn pé iṣẹ́ obìnrin ni ìdáná ò ṣe wọ́n lóore.

7/ Ẹnìkan á ní: “Gáàsì ńkọ́? Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń tà á?” Mo mọ̀ ọ́n, mò ń rà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú. Á tètè rọ̀, gáàsì ò sì ní jó púpọ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní ọgbọ́n tálákà. Ọgbọ́n ni.

8/ Torí náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀bà yín, kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tó kọ́ yín lọ́bẹ̀ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ọbẹ̀ tí èròjà ẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ yára o, mo ti gbé ìkòkò kaná.