Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Ara, lágbègbè Èjìgbò, mi ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi na ọ̀rá oògùn kan sí mi. Hóró funfun méjì, pupa kan àti kápúsù kan ni ẹni tó ń kiri oògùn dì sínú rẹ̀. "Àkànní, bá mi wò ó. Èyí tí mo ń lò kí n tó lè dìde nílẹ̀ láàárọ̀ nìyí." Mo yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn, n kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí màmá ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada gààrí nínú èéfín. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, làkúrègbé ni gbogbo ilé sì ń pè é.

Mo ní èmi náà ti ní irú ìrora yìí rí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́jú mi. Màmá ní kí n júwe ilé nọ́ọ̀sì náà kíákíá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé, torí abẹ́rẹ́ tí àwa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fa oògùn sí. Ti àwọn ará Ṣáínà tí òyìnbó ń pè ní acupuncture kò ní omi, kò ní oògùn. Ó tín-ín-rín bí irun. Wọ́n á rọra kì í bọ ara níbi bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á sì yọ ọ́. Màmá ní gbẹ́rẹ́ nìyẹn, ewé wo ni wọ́n wá fi ra á? Mo ní kò sí ewé kankan.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gbà á, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ. Kò dùn mí bí mo ṣe rò, ojú ibẹ̀ kàn ń wúwo ni. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo sùn di òwúrọ̀. N kò ní purọ́ fún yín o: ìrora náà kò lọ tán. Ọjọ́ kan péré tí mo kọ ebè lẹ́yìn tí mo délé, ó tún yọjú. Eré ìdárayá tí obìnrin tó gún mi kọ́ mi ló wá wúlò jù, mo sì ń ṣe é láràárọ̀, bí ìyàwó mi tilẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ń jiyàn lé e lórí. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Jámánì gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ jáde. Wọ́n gún àwọn kan bí ìlànà àwọn ará Ṣáínà ṣe wí, wọ́n gún àwọn kan níbi tí kò bá ìlànà mu, àwọn yòókù sì gba ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ dókítà ń fúnni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àkọ́kọ́ ló rí ìtura, 44 nínú àwọn tí wọ́n gún gbàrọgùdù, àti 27 nínú àwọn yòókù. Ẹni tó bá ní ẹ̀tàn ni, ó ní ohun tó rí. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé ẹni tí wọ́n jókòó tì, tí wọ́n fọwọ́ kàn lára, ara tù ú ju ẹni tí wọ́n kọ oògùn fún lọ. Àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà ní kí wọ́n má lò ó fún ẹ̀yìn dídùn ní 2016. Ní 2021, wọ́n ní a lè dán an wò fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò ní ìdí kan pàtó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kà á mọ́ ohun tó lè ran ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tipẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú eré ìdárayá.

Ọ̀rá màmá ló ń bí mi nínú. Oògùn ara ríro tí èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ láìwádìí lè dá ọgbẹ́ sínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní codeine ní ọdún 2018, síbẹ̀ ọ̀rá aláìlórúkọ ṣì ń wọ abúlé. Kí ló fà á? Ẹni tó máa yẹ ẹ̀yìn màmá wò kò sí nítòsí. Àwọn physiotherapist, tó ń tọ́jú eegun àti iṣan, ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo ni wọ́n pọ̀ sí. Ta ni yóò gbé ẹ̀yìn tó ń dùn gun ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ sí agbègbè Èjìgbò, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀. Tó bá mọ abẹ́rẹ́ gún, ó dára. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré ìdárayá tó.

Ẹ má wá torí ohun tí mo kọ yìí na ara yín fún ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri o. Tuntun ni kí wọ́n tú nínú ọ̀rá rẹ̀ lójú yín, torí àrùn mẹ́dọ̀wú àti éèdì. Ẹni tí kò mọṣẹ́ lè gún ẹ̀dọ̀fóóró. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń kú, tàbí ìtọ̀ kò ṣeé mú mọ́ra, ilé ìwòsàn ni kíákíá.

A ti dá ọjọ́ tí n óò gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀rá náà kí n bá wọn jù ú nù. Wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ mi, wọ́n so ó mọ́ etí ìró: "Jẹ́ kí ẹni tí ò ń wí yẹn kọ́kọ́ dé ná."