Ti Ọrùn Rẹ̀ Là Á Wò

Ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ilẹ̀ Yèyé Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn ìyá wa ti fi ọwọ́ dúdú rẹ àdìrẹ kí á tó dáyé, kò sí ìran ènìyàn tí ó yẹ kí òwe àgbà yìí tètè yé tó wa: ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹ wo obìnrin tí ó mọ aṣọ í rà. Bí ọlọ́jà ti ń pariwo pé ojúlówó ni tòun, tí ó ń fi ìyá rẹ̀ búra, obìnrin náà kò ní bá a jiyàn. Yóò kàn yí ẹ̀yìn aṣọ padà ni, nítorí aṣọ tí a rì sínú ìkòkò aró a máa mu aró tinú tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lé lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń funfun ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò ní kí á pe aṣèlérí ní òpùrọ́, kò sì ní kí á kọ aṣọ. Ohun tí ó ní kí á ṣe ni kí ojú wò kí etí tó gbà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà ti bá arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù wọlé lóru, pé kí oníkálùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ń jí ìyá, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò ní ìlú òkèèrè, ìfẹ́ ni gbogbo wọn sì fi ń ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé mẹ́nu bà á lẹ́yìn náà pé ìròyìn láti Nàìjíríà fi hàn pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ọrùn ta ni à bá wò? Ẹni tí ó pè ọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ti MMM, ètò sogúndogójì tí ó gba owó lọ́wọ́ wa ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀, ọrùn wà níbẹ̀ gbangba. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà tí ó ni ín, ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ baba rẹ̀, ó sì wó lé ọmọ aráyé lórí ní 1994. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi jìbìtì ní 2007. Gbogbo èyí ti wà lákọsílẹ̀ kí ó tó ṣèlérí èlé 30 nínú 100 lóṣooṣù fún wa, ṣùgbọ́n olùkọ́ àti akọ̀wé, tí ìwé kò ṣòro fún láti kà, kó owó wọn síbẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2016 tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa mọ́ owó olówó nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tí òwe yìí ti jinlẹ̀ jù lọ ni ibi tí ẹni tí ó fẹ́ dá aṣọ fún ọ bá ti ní kí o má gbójú sókè wo ọrùn òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé ìjọsìn kan ní àdúgbò Valentino, ní ìlú Oǹdó. Ọmọdé ni 26 nínú wọn. Gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ti wí, igbákejì olùṣọ́-àgùntàn wọn ti sọ fún wọn pé oṣù kẹrin ni a ó gba àwọn ẹni mímọ́ lọ sókè ọ̀run. Nígbà tí oṣù kẹrin kọjá, ó ní ó ti di oṣù kẹsàn-án. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Oṣù kẹrin tí ó dá tí kò ṣẹ, òun ni aṣọ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, àkísà sì ni. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i? A ti kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé òbí tí ó bá wà nínú Olúwa nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúrò nílé, ìdílé rẹ̀ ni ó sì gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tí a bá ti já kúrò lára ìyá tí ì bá bi í pé, “Oṣù kẹrin ńkọ́?”, a kò nílò ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti fi dè é mọ́. Abájọ tí àwọn kan nínú wọn fi ń sọ pé kò sí ẹni tí ó jí àwọn gbé, pé ìfẹ́ inú àwọn ni àwọn fi wà níbẹ̀. N kò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Àwọn kan yóò ní àfojúdi ni kí ọmọ kékeré máa bi ẹni Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀. Èmi kò gbà. Àwọn baba wa, tí ẹnikẹ́ni kò lè bú pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ wo bí wọ́n ti ṣètò ìdáfá: ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò kì í ka ẹjọ́ rẹ̀ sí babaláwo létí, owó ni yóò mú, yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tí ó bá a wá sí i ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, babaláwo yóò sì dá Ifá láìgbọ́. Bí Ifá bá bá ọ̀rọ̀ mu, oníbèéèrè mọ̀. Bí kò bá bá a mu, ó mọ̀. Babaláwo kò bínú sí i, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé a fi Ọ̀rúnmìlà wọ́lẹ̀.

Ní Òkè Baálẹ̀ wa yìí ní Òṣogbo, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fìdí kalẹ̀ sí, ọmọ ọlọ́mọ pọ̀ nínú yàrá tí a fi háyà, tí ìyá wọn wà ní Iléṣà, tí baba wọn wà ní Ìwó. Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ará àdúgbò, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé dẹ́kun lílọ sí kíláàsì, tí kò gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́, tí ó ń sọ pé ẹnì kan ti fi han òun pé ẹbí òun ni ọ̀tá òun, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú sùúrù láìbú ẹni tí ó ń tẹ̀lé, kí ẹ sì wá ìyá rẹ̀ kàn lọ́jọ́ náà gan-an.