Ẹ̀yin Ará Òkè Ọya, Ẹ Wo Ilé Yín Kí Ẹ Tó Ra Ajá Ńlá

Mo mọ̀ pé oorun ò kún ojú ọ̀pọ̀ wa mọ́ láyé ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ olè àti ajínigbé ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa wá ajá ńlá kiri. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo fẹ́ ra Rottweiler. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, kó tiẹ̀ tó kun ún lọ́dà, Boerboel ti dé. Mi ò bá wọn jà o. Ajá wúlò, àwọn baba wa náà sin ín, wọ́n fi ṣọdẹ, wọ́n fi ṣọ́lé. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò yẹ kó ra ajá ńlá rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á, kó yáa mọ̀ pé ẹlẹ́mìí ló fẹ́ gbà tọ́, kì í ṣe géètì irin.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Akọ German Shepherd tó ti dàgbà máa ń wọn 30 sí 40 kílò. Akọ Rottweiler lè tó 50 sí 60. Boerboel lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn á wúwo ju ẹni tó fẹ́ fà á lókùn lọ. Tó bá jẹ́ yàrá méjì lo gbà nínú ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ń gbé, tí gbogbo yín jọ ń fa omi nínú kànga kan, ibo lo fẹ́ fi í sí? Ṣéènì ni wàá so ó mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ajá tí kò rìn, tí kò rẹ́ni bá ṣeré, kì í gbọ́n, ṣe ló máa ń burú. Kò ní mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò tó wá pọnmi. Èyí kì í ṣe ìṣọ́, ìjàǹbá lo so mọ́gi.

Ẹ tún wo ojú ọjọ́. Àwa tá a wà ní Jos níbí, Ọlọ́run fún wa ní òtútù díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò, Sókótó àti Maiduguri, ẹ mọ bí oòrùn ṣe ń rí láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, tó máa ń kọjá 40. Ajá ò kúkú lè làágùn bíi tiwa, ahọ́n tó ń yọ síta tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ló fi ń lé ooru jáde. Caucasian tí irun bò láti orí dé ẹsẹ̀, orí òkè olótùútù ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ wá. Kí lẹ fẹ́ kó wá ṣe nínú ooru Maiduguri? Ẹni tó bá ti ní in tẹ́lẹ̀, kó wá ibòji tó dáa fún un, kí omi tútù má gbẹ níwájú rẹ̀, kó má sì mú un rìn lọ́sàn-án gangan.

Ó wá kan owó. Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ọjà. Ajá tó wọn 40 kílò máa jẹ tó ìdajì kílò oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Kílò 15 nìyẹn lóṣù, àpò kan odindi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é fúnra yín, kò burú, ṣùgbọ́n tùwó lásán kò tó o. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹja, ìfun ẹran tàbí ẹyin nínú rẹ̀. Ẹ má da ọbẹ̀ tó kún fún àlùbọ́sà sí i, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìyẹ tí wọ́n ti sè, ó lè fọ́ kó gún un nínú. Ẹ pín oúnjẹ rẹ̀ sí àárọ̀ àti alẹ́, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó sáré tó bá ti jẹun tán. Ikùn àwọn ajá ńlá wọ̀nyí máa ń wú, ó sì lè lọ́ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé inú rẹ̀ le, tó ń fẹ́ bì tí nǹkan ò jáde, ẹ má dúró dilẹ̀, dókítà ẹran ni. Àwọn kan tún máa ń rọ oògùn eegun sí ọmọ ajá lára kó lè tètè ga. Wọ́n ń ba ìdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ni.

Ajá tébi ń pa á fo fẹ́ǹsì. Ní Plateau níbí, ẹ mọ ibi tí ajá tó ń rìn gbéregbère máa ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Ẹ má bú wọn o, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Oǹdó náà.

Èyí tó wá jẹ mí lógún jù ni dìgbòlugi. Tí àmì àrùn yẹn bá ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ikú ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú èèyàn 10 tí ajá tí wọ́n fura sí bù jẹ, 4 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ajá ló ń dènà rẹ̀, láti ìgbà tó bá ti pé oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. NVRI tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos níbí, ti wà láti ọdún 1924, wọ́n sì ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Kí la fẹ́ wí pé ó fà á tí ajá wa ò fi gbà á? Tí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe epo, kì í ṣe àgbo. Ẹ má tètè pa ajá náà, tó bá ṣeé so, ẹ so ó kí dókítà ẹran fi ọjọ́ 10 wò ó.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Àlejò la jẹ́ nílùú yìí, bó ti wù ká pẹ́ tó níbẹ̀. Bí ajá rẹ bá bu ọmọ onílé jẹ, wọn ò ní sọ pé ajá Lágbájá ni. “Ajá àwọn Yorùbá” ni wọ́n máa pè é. Aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí itọ́ ajá bá kan aṣọ rẹ̀, ó lè fẹ́ fọ̀ ọ́ kó tó kírun. Bọ̀wọ̀ fún un, ti géètì rẹ, má jẹ́ kí ajá rẹ dá rìn síta.

Ẹni tí kò ní àyè, tí kò lówó oúnjẹ àti abẹ́rẹ́, kó mú ajá ìbílẹ̀ kan tí kò tóbi. Ó máa gbó dáadáa, oúnjẹ rẹ̀ ò pọ̀, ooru ò sì dà á láàmú, àmọ́ òun náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni pé 28 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi káàkiri ayé. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà ẹran wá sí ibi ìpàdé lọ́jọ́ yẹn, kí oníkálukú mú ajá rẹ̀ wá. Àá lówó fún aṣọ ẹbí lọ́dọọdún, kò yẹ ká máa wá owó abẹ́rẹ́ tì.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi owó ara wa ra wàhálà wọlé o. Àmín.