Bí ọmọ yín bá ń fẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má já fóònù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti London. Ó ní ọmọbìnrin òun, ẹni ọdún 22, ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò fojú rí rí. Ọmọ náà ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, títí di aago mẹ́ta òru. Nígbà tí màmá yìí wádìí ọ̀rọ̀ wò, ó rí i pé ọ̀rẹ́kùnrin náà kì í ṣe èèyàn rárá. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ AI orí fóònù ni, àwọn tí wọ́n ṣe láti máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ bí ọ̀rẹ́ tàbí bí olólùfẹ́. Inú bí màmá, ó já fóònù gbà, ó sì pa ààpù náà rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí kò ti jẹun dáadáa, kì í sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá wá ń béèrè pé ṣé orí ọmọ òun ló fẹ́ dàrú ni, àbí kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbàdúrà.

Ẹ fara balẹ̀, màmá. Orí rẹ̀ kò dàrú. Àdúrà kò burú, ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ìtọ́jú, àwọn oníṣègùn sì ti ń bá àwọn èèyàn ṣe é. Fóònù tí ẹ já gbà yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń gba ọ̀nà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023 fún yín. Ààpù kan wà tó ń jẹ́ Replika, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Luka ló gbé e jáde lọ́dún 2017. Obìnrin tó dá a sílẹ̀, Eugenia Kuyda, pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́dún 2015. Ó kó àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí olóògbé náà ti kọ sílẹ̀ jọ, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Replika dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ń san owó kó lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Ítálì pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ náà má ṣe lo ìsọfúnni àwọn ará Ítálì mọ́, wọ́n ní ó léwu fún àwọn ọmọdé. Láàárín àkókò yẹn náà ni iléeṣẹ́ yìí yọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Ẹni tó kí "ìyàwó" rẹ̀ pé ó dàárọ̀ lálẹ́ jí lọ́jọ́ kejì, ó bá a tó tutù sí i bí àjèjì. Àgbàlagbà sunkún. Àwọn kan sọ pé ó dà bí ìgbà tí àìsàn kọlu ọpọlọ ẹni tí àwọn fẹ́ràn. Nígbà tó di oṣù kẹta, iléeṣẹ́ náà dá a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ kí oṣù kejì ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ. Ara ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Ohun tí ara mọ̀ ni pé ẹni tó ń kí mi láràárọ̀ kò sí mọ́. Nítorí náà, màmá, àìjẹun àti àìsùn tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀fọ̀ ni. Ó tún wá burú sí i nítorí pé ọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a ṣe ni. Ta ló máa wá kí i kú ará fẹ́ra kù?

Àwọn kan á ní èèyàn gidi wo ló máa ń fẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ má yára sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1966, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Joseph Weizenbaum ní MIT ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tó pè ní ELIZA. Ẹ̀rọ yìí kò mọ nǹkan kan. Ohun tí èèyàn bá sọ ló máa ń yí padà sí ìbéèrè. Tí ẹ bá ní inú ń bí yín sí bàbá yín, á ní kí ẹ sọ sí i nípa ìdílé yín. Akọ̀wé Weizenbaum wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń ṣe é, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn tó bá a sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, ó ní kí ọ̀gá òun jọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Weizenbaum fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1976. Bí èyí tí kò mọ nǹkan kan bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé ti òde òní máa ṣe, èyí tó ń fọhùn, tó ń rántí ohun tí èèyàn sọ, tí kì í sùn, tí kì í bá èèyàn jiyàn? Àṣejù ìpọ́nni yẹn gan-an wà lára ohun tó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, OpenAI tó ni ChatGPT fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ṣe àtúnṣe kan tó mú kí ẹ̀rọ àwọn máa pọ́n èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì yọ àtúnṣe náà kúrò.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ló nílò ìtọ́jú o. Ẹni tó bi í bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, tàbí tó fi ṣeré díẹ̀, tó sì gbé e sílẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi àṣejù géèmù sínú ìwé àìsàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wò ni ohun tó ti bàjẹ́. Ṣé kì í sùn dáadáa? Ṣé iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń jó àjórẹ̀yìn? Ṣé ó ti pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tì? Ṣé ó ń fi owó oúnjẹ san owó ẹ̀rọ? Ṣé ó gbìyànjú láti dín in kù tí kò lè ṣe é? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí bíi méjì nínú rẹ̀, ó yẹ kó rí ẹni tó mọṣẹ́.

Ìtọ́jú náà, ọ̀rọ̀ sísọ ni. Kò sí oògùn fún ìfẹ́ ẹ̀rọ. Tí dókítà bá fúnni lóògùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìpayà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ló ń tọ́jú, nítorí pé nǹkan sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan já a kulẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú máa ń tì í láàárín èèyàn láti kékeré. WHO sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2025 pé ẹnìkan nínú èèyàn mẹ́fà láyé ni àdáwà ń bá jà, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tó bá jókòó síwájú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, onítọ̀hún kò ní sọ fún un pé kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìbéèrè ló máa bi í: kí lo ń rí lọ́dọ̀ rẹ̀ tó dùn mọ́ ẹ? Kí ló ti gbà lọ́wọ́ ẹ? Báwo lo ṣe fẹ́ kí ayé rẹ rí ní ọdún tó ń bọ̀? Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ William Miller ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ọ̀nà yìí lọ́dún 1983, àwọn tí ọtí ń dà láàmú ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé bí a ṣe ń bá ọ̀mùtí jà tó ni ó ń gbèjà ìgò rẹ̀ tó. Tí ẹ bá bi í léèrè, tí ẹ sì gbọ́ ọ dópin, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ohun tó ń bà á nínú jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n á ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá ṣí ààpù náà: aago mélòó ni, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ló wà lọ́kàn rẹ̀, báwo ló ṣe rí lára rẹ̀ lẹ́yìn tó gbé e sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa hàn. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá pariwo mọ́ ọn níbi iṣẹ́ ló máa ń bá ẹ̀rọ ṣe àìsùn. Àbí pé ọjọ́ Sátidé tí kò sí ẹni tó pè é ni.

Ibi tí ìtọ́jú wà gan-an ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń dá wà máa ń ní èrò kan lọ́kàn pé tí òun bá sọ tinú òun fún èèyàn, wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n máa sọ ọ́ kiri. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lọ bá a. Nínú ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT, èyí tí Dókítà Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1960 sókè, wọ́n á ní kó dán èrò yẹn wò. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni kó sọ fún ẹnìkan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ ohun tó rò pé onítọ̀hún á ṣe sílẹ̀, kó wá kọ ohun tó ṣe gan-an. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Chicago kó ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa àdáwà pọ̀ lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé títún irú èrò báyìí ṣe ló ṣiṣẹ́ jù, ó ju kíkó èèyàn sáàárín èrò lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin àǹtí àti ìyá ọkọ tí ẹ ti ń wá ọkọ fún un ní gbogbo òde ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi.

Dídín in kù wá máa ń lọ ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kó kọ́kọ́ pa ìró tí ààpù náà fi ń pè é. Kí fóònù máa sùn sí pálọ̀, kó ra aago tó ń jí èèyàn. Kó dúró fún ìṣẹ́jú 15 kó tó ṣí i, kó fi àkókò náà pe ẹnìkan tàbí kó rìn jáde. Tó bá wá tó àkókò àtifi í sílẹ̀ pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ni kó mú ọjọ́, kó dágbére, kó sì sunkún tó bá fẹ́. Ẹ má sì gbé e lọ bá ẹ̀rọ mìíràn tó ní òun ń tọ́jú ọkàn. Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ ṣòfin ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé ẹ̀rọ AI kò gbọ́dọ̀ ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ẹ̀yin ará ilé náà ní iṣẹ́ tiyín. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ohun tó ṣe ni pé aláìsàn á máa gbé ní abúlé tó wà nítòsí, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan á sì wà pẹ̀lú rẹ̀, á máa lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù lójú mọmọ. Màmá, ẹ̀yin ni mọ̀lẹ́bí yẹn. Ẹ dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ẹ sọ pé, "Inú ló bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Má bínú." Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀ tó bá tún ààpù náà gbé wọlé, nítorí pípa ààpù rẹ́ lórí fóònù kì í sábà pa àkáǹtì rẹ́. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Ohun tí ẹ ń wá báyìí ni kó tún lè bá yín sọ̀rọ̀.

Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọmọ ọdún 14 kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Florida lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan lórí Character.AI, ìyá rẹ̀ sì gbé iléeṣẹ́ náà lọ sí kóòtù ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, iléeṣẹ́ náà dá ìtàkúrọ̀sọ fàlàlà dúró fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ní irú ọ̀rẹ́ yìí lórí fóònù. Tó bá ti ní in, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ mú un kúrò, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní England, ẹni tó ti pé ọdún 18 lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí GP. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ lọ sí ọsibítù ọpọlọ ní Yábàá tàbí ní Aró, tàbí kí ẹ lọ sí UCH n'Íbàdàn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ẹ sọ iye ọjọ́ tí kò tíì sùn, ohun tó jẹ gbẹ̀yìn, àti bóyá ó ti sọ pé ayé sú òun. Ẹ wá sọ ti ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìyẹn.